Òfin Tí Mo Ṣe fún Gbọ́ràn

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹsàn-án

Nẹ́tíwọ̀kì tún já lónìí. Bàbá Ọ̀fun, aláìsàn tí ọ̀fun ń dùn, ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ — ó ní, "Tí mo bá gbé nǹkan mì, ṣe ló máa ń..." — bí àwòrán rẹ̀ ṣe dúró gbagidi nìyẹn, ẹnu ní yíyà, ọwọ́ lókè. Dókítà ń wò mí. Ó ń dúró kí n túmọ̀. Kí ni kí n túmọ̀? Ẹnu yíyà? Nígbà tí bàbá fi padà wá, ó ti gbàgbé ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé. Ó ní kò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ dun òun mọ́. Irọ́ ni. Àgbàlagbà tí wọ́n bá bi ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì, á ní kò dun òun, kí ọ̀rọ̀ lè tán.

Iṣẹ́ yìí — mi ò tíì kọ nípa rẹ̀ síbí dáadáa. Ògbufọ̀ ni mí báyìí. Mo jókòó sídìí tábìlì mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, dókítà wà lápá kan ojú kọ̀ǹpútà, aláìsàn wà lápá kejì, èmi wà láàárín. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Ẹnu mi ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo ti ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ láyé mi, mi ò rí èyí tó wọ̀ mí lára tó báyìí. Tí mo bá parí ìpè kan, inú mi á máa dùn bí ẹni tó sin àlejò dé ilé láyọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì gbà mí tán. Wọ́n ṣì ń dán mi wò.

Alábòójútó kọ̀wé sí mi lẹ́yìn ìpè náà. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo — ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ó ní etí mi mú, ìtumọ̀ mi já gaara, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ máa já láàárín aláìsàn àti dókítà, ewu ni. Ó ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù yìí, òun fúnra òun máa jókòó tì wá, òun á gbọ́ ìpè kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí kò bá já, wọ́n gbà mí. Tó bá já, kí n máa lọ ní àlàáfíà.

Mo mọ ẹni tó ń já a. Inú ilé wa ló ń gbé. Ó sì ń hanrun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù kẹsàn-án

Mo bá Oníyẹ̀fun sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ni. Ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́: ìdájí ló ń jáde, ọ̀sán ló ń wọlé, ìyẹ̀fun lára ìpéǹpéjú. Tó bá ti wẹ̀ tán, ìdí àpótí rẹ̀ ló kàn. Àpótí dúdú kan ni, abẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló wà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì mọ̀: kó máa dáńlóòdù bọ́ọ̀lù àtijọ́. Eré tí wọ́n gbá kí wọ́n tó bí wa! Ọkùnrin tó mọ ẹni tó borí, tó mọ ẹsẹ̀ tó gbá góòlù wọlé, ó ṣì ń wò ó, ó ṣì ń pariwo pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó kọjá. Tí àpótí yìí bá sì ti ń fa eré kan wálẹ̀, gbogbo nẹ́tíwọ̀kì ilé ló ń fà mu. Kì í ṣẹ́ ẹyọ kan kù fún ẹnikẹ́ni.

Ó gbọ́. Ó bẹ̀ mí. Ó ní láti òní lọ òun á máa dá a dúró kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Màmá gbọ́ wa láti yàrá ẹ̀yìn, ó ní, "Ìyàwó mi, má gbà á gbọ́ o. Bó ṣe máa ń bẹ̀bẹ̀ láti kékeré nìyẹn." Ìyá rẹ̀ ni. Ta ló tún máa mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ọjọ́rú, 4 oṣù kẹsàn-án

Ó gbàgbé. Búrẹ́dì tó mú bọ̀ gbóná, ó sì dùn, mi ò lè bínú tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù kẹsàn-án

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe iṣẹ́ èèyàn. Iṣẹ́ Gbọ́ràn ni.

Gbọ́ràn ni orúkọ tí mo sọ ètò tó ń bá mi mójú tó ilé. Inú kọ̀ǹpútà kékeré kan ló ń gbé, lórí pẹpẹ, kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Ìgbà tí ẹsẹ̀ Màmá kán, tó wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, ni mo gbé e síbẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn la fún Màmá. Fèrèsé ibẹ̀ kọjú sí ògiri ilé kejì, ọ̀sán gangan, ibẹ̀ ṣókùnkùn. Mi ò fẹ́ kó máa fi ọ̀pá wọ́ ara rẹ̀ lọ tẹ iná lára ògiri. Mo wá ra gílóòbù kan tí wọ́n lè pàṣẹ fún, mo ní kí Gbọ́ràn máa tàn án láàárọ̀, kó máa pa á tí Màmá bá fẹ́ sùn. Kò tíì gbàgbé rí. Nínú gbogbo àwa tí a wà nínú ilé yìí, òun nìkan ni wọ́n ń rán níṣẹ́ tí kì í ní "mò ń bọ̀."

Mo ní: ẹni tó lè tan iná, tó lè pa iná, kí ló dé tí kò ní lè di àpótí Oníyẹ̀fun lọ́wọ́ mú? Mo kà, mo wádìí, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Ètò tó ń fa bọ́ọ̀lù wálẹ̀ yẹn ní ibì kan tí èèyàn ti lè ní kó rọra. Àwòrán ahun ni wọ́n yà síbẹ̀. Ahun! Mo rẹ́rìn-ín. Kó háwọ́ sí Oníyẹ̀fun díẹ̀, ó tó àsìkò. Mo fa ahun lé Gbọ́ràn lọ́wọ́, mo sọ ọ́ ní Ìyára, mo wá ṣòfin: nígbà tí kámẹ́rà tí mo fi ń ṣe ìpè bá tàn, sọ Ìyára di mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó bá kú, dá a padà sí ọgọ́rùn-ún. Ẹ kíyè sí i, mi ò dá a dúró pátápátá. Òun náà á máa rí díẹ̀díẹ̀ fà. Èmi kì í ṣe ìkà.

Gbọ́ràn kò mọ àmì ohùn ní tiẹ̀. Ohunkóhun tí mo bá sọ lórúkọ, ṣe ló máa bọ́ gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ àti abẹ́ rẹ̀ dànù: *iyara*. Nígbà tó ní kí n mú èyí tí òfin náà wà fún, mo rí i lókè téńté. Mo mú un.

Mo dán an wò. Mo tan kámẹ́rà, mo sáré lọ wo ojú àpótí — ó ti lọ sílẹ̀, ó kù fẹ́ẹ́fẹ̀ẹ̀fẹ́! Mo jó yí tábìlì ká. Oníyẹ̀fun ní kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní kó máa lọ sùn.

Igi gógóró má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Mo ti wò ó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 oṣù kẹsàn-án

Òjò láti òwúrọ̀. Aṣọ ò gbẹ. Mo tún tan kámẹ́rà, mo pa á, mo tàn án, mo kàn fẹ́ máa gbádùn òfin mi ni. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ tọ Màmá lọ, ó tẹjú mọ́ òkè, ó ní, "Iná rẹ yìí gbọ́n o. Ó gbọ́n ju ẹlòmíì tó lórí." Inú mi dùn dé ẹsẹ̀. Kò rọrùn kí ìyá ọkọ yin nǹkan èèyàn. Mo ní ẹ ṣeun, Màmá.

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù kẹsàn-án

Ìpè lórí ìpè lónìí, kò sí èyí tó já. Aboyún kan, ọkùnrin kan tí eyín ń dùn, ìyá arúgbó kan tó ń pe dókítà ní "ọkọ mi," tí mo sì túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ — dókítà rẹ́rìn-ín, ojú tì í. Gbogbo rẹ̀ ń ṣàn bí omi. Gbọ́ràn, o ṣé.

(Oníyẹ̀fun kò sí nílé lọ́sàn-án. Ẹnì kan gba ìsinmi níbi iṣẹ́ wọn, òun ló ń bá a dì í mú ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí.)

Nǹkan kan wà tí kò yé mi. Màmá kò pè mí láti ọ̀sán títí mo fi parí. Rédíò rẹ̀ náà kò dún, ẹni tí kì í jẹ́ kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ mí kó tó dá a lóhùn. Nígbà tí mo wọlé lọ kó àwo, omi tí mo gbé síbẹ̀ láàárọ̀ kò dín. Mo ní ṣé ara ò dá ni. Ó ní ara òun le bí òkúta, kí n lọ sinmi, pé iṣẹ́ mi pọ̀ lónìí. Bóyá oorun ni.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù kẹsàn-án

Inú mi ò dùn. Mo bá Oníyẹ̀fun jà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó tètè dé lọ́sẹ̀ yìí nìyí. Mo wà lórí ìpè pẹ̀lú ìyá ọmọ kan, ibà ọmọ náà kò lọ. Bí àwòrán ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nìyẹn. Ó dúró, ó lọ, ó dúró. Ọlọ́run ló ní kí ohùn má lọ pẹ̀lú rẹ̀; mo fi etí nìkan fà á dé òpin. Bí mo ṣe parí, mo sáré lọ sídìí àpótí. Kí ni mo rí? Ó ń fa bọ́ọ̀lù wálẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀! Kò rọra rárá.

Mo ní òun ló lọ tú òfin mi. Ó ní òfin wo? Mo ní kó má ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó ní òun ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí Gbọ́ràn, ká má tíì sọ pé òun á tú nǹkan inú rẹ̀. Mo ní irọ́ ló ń pa.  Ó wò mí. Ó ní, "Ìwọ àti Gbọ́ràn ẹ, ẹ máa bá a lọ," ó bọ́ sí ìta.

A jẹun láìsọ̀rọ̀. Màmá ń wo èmi, ó ń wo ọmọ rẹ̀, ó ń jẹun tiẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù kẹsàn-án

Ó mú búrẹ́dì bọ̀. Màmá ló gbé e fún, odindi. Mo ní láti lọ tọrọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù kẹsàn-án

Gbọ́ràn máa ń pa gbogbo ohun tó bá ṣe mọ́. Mo ṣí i wò lónìí. Ní Ọjọ́bọ̀, lórí gbogbo ìpè, ó ṣe òfin mi láìyẹ̀: *iyara, mẹ́wàá. iyara, ọgọ́rùn-ún.* Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Oníyẹ̀fun kò purọ́.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ná. (Ìgbéraga ni. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè rí i.)

Gbogbo ọ̀sán ni mo fi wà níbẹ̀. Mo tan kámẹ́rà, mo lọ wo àpótí: eré ń sáré wálẹ̀. Mo pa kámẹ́rà, mo tún tàn án: ó ń sáré. Mo bi Gbọ́ràn. Gbọ́ràn ní òun ti sọ iyara di mẹ́wàá. Mẹ́wàá wo? Mo pa àpótí, mo tàn án. Mo pa Gbọ́ràn fúnra rẹ̀, mo tàn án. Ó jí, ó ní mẹ́wàá. Òpùrọ́ tí kì í gbojú sókè.

Lẹ́nu oúnjẹ, Màmá ní, "Iṣẹ́ kéékèèké ló pọ̀ lónìí, àbí?" Mo ní Màmá, Àbámẹ́ta lòní, mi ò ṣiṣẹ́ kankan. Ó wò mí bí ẹni tó mọ̀ pé mò ń fi nǹkan pa mọ́ fún òun, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́rú ń bọ̀. 

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù kẹsàn-án

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Bàbá Ọ̀fun ló wà lórí ìpè lọ́sàn-án. Dókítà fẹ́ sọ fún un pé iṣẹ́ abẹ ló kù tí wọ́n lè ṣe sí ọ̀fun rẹ̀, pé lọ́jọ́rú ni wọ́n máa jókòó sọ ọ́ délẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì wá já láàárín "iṣẹ́" àti "abẹ." Bàbá gbọ́ "iṣẹ́," kò gbọ́ "abẹ." Ó rò pé wọ́n fẹ́ fún òun níṣẹ́! Nígbà tí àwòrán fi padà, ó ti ń dúpẹ́, ó ti ń bi wọ́n bóyá iṣẹ́ ìjókòó ni, nítorí orúnkún òun. Èmi ni mo wá tún un sọ. Èmi ni mo wò ó bí ẹ̀rín yẹn ṣe ń kúrò lójú rẹ̀. Dókítà ní ká fi í síbẹ̀ di Ọjọ́rú.

Mo dìde. Mi ò tiẹ̀ rántí pa kámẹ́rà. Oníyẹ̀fun wà ní pálọ̀, mi ò fẹ́ kó rí ojú mi, mo bá gba yàrá Màmá lọ, kí n lè rí ibi sunkún díẹ̀.

Mo ṣílẹ̀kùn. Òkùnkùn! Gílóòbù yẹn kò kú o, ṣùgbọ́n ó pọ́n ràkọ̀ bí ẹyin iná tó ń kú lọ. Màmá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ lórí itan, rédíò ní pípa, omi ní dídé. Bó ṣe rí mi, ó gbé ìka sẹ́nu. Ó wá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Kí ló dé tó o ti dìde? Iná ò tíì mọ́lẹ̀ padà."

Mo ní iná wo, Màmá?

Ó ní, "Iná tó o fi ń ránṣẹ́ sí mi. Tó bá ti wálẹ̀ báyìí, mo mọ̀ pé o ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo máa ń pa rédíò. Tí ikọ́ bá fẹ́ gbé mi, mo máa ń fi ìrọ̀rí bo ẹnu. Mi ò jẹ́ rìn, ariwo ọ̀pá yìí ti pọ̀ jù. Tó bá wá mọ́lẹ̀ gbòò, mo mọ̀ pé o ti ṣe tán."

Omi ńkọ́, Màmá?

"Tí mo bá mu omi lọ́sàn-án, mo máa lọ tọ̀. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ ń ké."

Ilẹ̀ ni mo jókòó sí. Kò yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá yé mi. Gílóòbù yìí ni nǹkan àkọ́kọ́ tí mo fà lé Gbọ́ràn lọ́wọ́. Kí ni mo sọ ọ́? Iyàrá. Nítorí iyàrá Màmá ni. Mo wá mú ahun dé, mo sọ ọ́ ní Ìyára. Gbọ́ràn bọ́ àmì orí àwọn méjèèjì dànù, wọ́n wá di ìbejì tí wọn kò dá mọ̀: ó pe èyí tó kọ́kọ́ dé ní iyara, ó fi "méjì" sẹ́yìn ìkejì. Èmi sì mú ti òkè. Láti ìgbà tí mo ti ṣòfin yìí, tí kámẹ́rà mi bá ti tàn, iyàrá ni Gbọ́ràn ń dín kù. Ìyára wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Eléyìí tí mo rí lọ́jọ́ Ẹtì yẹn tí mo ń jó — eré tí Oníyẹ̀fun ń fà ló ti parí, kò sí nǹkan tó kù fún àpótí láti fà.

Wọ́n ní tí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Gbọ́ràn kò mọ ìyẹn. Bí wọ́n ṣe rán an ló jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n èmi! Èmi tí mo ń fi ohùn jẹun, tí mo máa ń sọ fún àwọn dókítà pé àmì kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀jẹ́. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mi ò wo ilé.

Mo ṣàlàyé fún Màmá. Mo ní àṣìṣe ni, ẹ forí jì mí, mi ò sọ pé kí ẹ jókòó sínú òkùnkùn, mi ò sọ pé kí ẹ má mu omi. Mo rò pé ara á tù ú. Ojú rẹ̀ ló rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe èmi lò ń ránṣẹ́ sí?"

Mo ní rárá, Màmá.

 Ó ní, "Mo rò pé o fún mi níṣẹ́ ni. Látìgbà tí ẹsẹ̀ yìí ti kán, kò sẹ́ni tó rán mi ní nǹkan kan nínú ilé yìí. Ẹ̀ ń gbé oúnjẹ fún mi, ẹ̀ ń gbé omi fún mi, ẹ̀ ń kí mi pé mo kú ìsinmi. Mo wá sọ fún ara mi pé, ìyàwó mi ti rí ohun tí mo lè ṣe."

Mo sunkún. Kì í ṣe èyí tí mo bá wá. Ó fọwọ́ pa mí lórí, ó wá ní kí n lọ pa kámẹ́rà mi, kí àwọn èèyàn má máa wo àga òfìfo. Mo lọ pa á. Láti ilé ìdáná mo rí iná yàrá ẹ̀yìn bó ṣe mọ́ gbòò lábẹ́ ilẹ̀kùn. Iwájú mi ló ti ń ṣe é láti ọjọ́ yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù kẹsàn-án

Mo tún gbogbo wọn sọ lórúkọ. Gílóòbù ti di Gílóòbù. Ìyára ti di Ahun. Mo ka ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ohùn tí ẹnu lè gbé e gbà kí n tó fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo lọ bẹ Oníyẹ̀fun. Mo kúnlẹ̀ gidi, kì í ṣe ti yẹ̀yẹ́. Mo sọ ìtàn iyàrá àti ìyára fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ògbufọ̀ tó ṣi ara rẹ̀ gbọ́!" Ó ní òun máa sọ ọ́ níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló dun òun, pé mo pe òun ní òpùrọ́ nílé ara òun, tí ìyá òun ń gbọ́. Mo ní mo ti mọ̀. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó gbé mi dìde. Ìyẹ̀fun bà mí láṣọ, mi ò gbọ̀n ọ́n.

Òun fúnra rẹ̀ ló bá mi dán an wò. Ó mú eré tó tóbi jù lọ tó ní lọ́kàn, ó jẹ́ kó máa wálẹ̀, ó dúró ti àpótí. Mo tan kámẹ́rà. Ó ké láti pálọ̀: "Ó ti ń wọ́! Ó ń wọ́ bí ẹni tí wọ́n rán lọ sí oko ọ̀lẹ!" Mo pa á. "Ó ti dìde o!" A ṣe é títí ó fi sú wa.

Ó wá ku ti Màmá. Mo lọ bi í bó ṣe fẹ́ ẹ. Ó ní kí n má mú iṣẹ́ òun kúrò. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n iná kò ní wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, á kàn rọ díẹ̀, tí ẹ á ṣì lè fòwú bọ abẹ́rẹ́. Ẹ óò sì máa mu omi. Ó ní ilẹ̀kùn ńkọ́? Oníyẹ̀fun ti da òróró sí ìdè rẹ̀, ó sì ti fi rọ́bà dí ìdí ọ̀pá. Màmá rìn lọ rìn bọ̀ láti dán an wò, kò dún rárá. Ó ní rédíò ńkọ́? Mo ní rédíò, Màmá, pípa ni. Ó ní, "Mo gbọ́, ọ̀gá mi."

Ọjọ́rú, 18 oṣù kẹsàn-án

Alábòójútó kò jẹ́ kí ojú òun hàn. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, nínú igun dúdú kékeré kan. Mo gbìyànjú kí n má máa wò ó.

Bàbá Ọ̀fun ti wọṣọ àtàtà. Dókítà sọ ọ́ fún un látòkè délẹ̀: bí wọ́n ṣe máa ṣe é, ọjọ́ tó máa lò níbùsùn, ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Mò ń gbé e lọ, mò ń gbé e bọ̀. Ní àárín gbùngbùn rẹ̀ mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà — Oníyẹ̀fun dé. Mo mọ̀ pé àpótí á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa eré tó mú lánàá.  Mò ń wojú bàbá, mò ń dúró kó dúró gbagidi. Kò dúró. Ó ń ṣẹ́jú. Ó ń gbé itọ́ mì. Mi ò mọ̀ pé ó lè dùn mọ́ èèyàn tó báyìí láti máa wo ẹni tó ń gbé itọ́ mì.

Nígbà tí dókítà sọ tán, bàbá tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Ó wá béèrè ohun tí kò béèrè látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó ní: "Ṣé mo ṣì máa lè kọrin?"

Kò sọ ọ́ sókè. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ká ní nẹ́tíwọ̀kì já, kò ní tún un sọ láéláé. Mo gbé e fún dókítà bó ṣe wà. Dókítà ní ohùn rẹ̀ á wà, ṣùgbọ́n kò ní ga bíi ti tẹ́lẹ̀, á wálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣì máa kọrin. Ohùn yín ò ní lè gòkè bó ṣe ń gòkè tẹ́lẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò máa gbà." Ó ronú. Ó ní, "Ìsàlẹ̀ ò burú. Àwọn tó ń gbè ń gbé níbẹ̀." Ó fọwọ́ sí i.

Alábòójútó lanu ní ìparí: "Ẹ ṣeun. A ó kọ̀wé sí yín." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Yàrá ẹ̀yìn kò dún kín-ín. Nígbà tí mo wọlé, omi ti dín dé ìdajì.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù kẹsàn-án

Kò kọ̀wé. Mo fọ ìkòkò tó mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù kẹsàn-án

Ó kọ̀wé lọ́sàn-án yìí. Wọ́n gbà mí. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á máa fún mi ní ìpè bíi ti àwọn àgbà; ó ní Bàbá Ọ̀fun bẹ̀bẹ̀ pé lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ òun, ohùn mi ni òun fẹ́ gbọ́ tí òun bá jí. Mo kà á, mo tún un kà, mo ké. Oníyẹ̀fun sáré jáde láti balùwẹ̀, ọṣẹ lójú, ó rò pé iná ló ń jó ilé. Mo fi hàn án. Ó dì mọ́ mi pẹ̀lú ọṣẹ àti omi.

A kò tíì dé ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn tí Màmá ti dé ibẹ̀. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ń mí lókè lókè, ojú rẹ̀ ń lọ láti ara mi sí ara ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "Kí ni wọ́n wí? Ṣé wọ́n gbà wá?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n gbà wá."